Ìsọ̀ Rẹ́kọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Tún Ṣí ní Ọ̀fà

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì wà lóde, kò sí ẹni tó fẹ́ràn orin ní Ọ̀fà tí kò mọ ìsọ̀ Oyètúndé lójú ọ̀nà réluwéè. Bí olórin kan bá gbé àwo tuntun jáde, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti Òjòkú àti Ìjàgbò wá ná ọjà a máa dúró níwájú ìsọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù lórí, títí orin ojú kan yóò fi tán. Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì dé, ó gba ọjà mọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Síídì dé, ó lé kásẹ́ẹ̀tì. Fóònù wá dé, ó gbé gbogbo wọn mì. Oyètúndé kó àwọn àwo rẹ̀ sínú páálí, ó tò wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn ilé, ó sì ń ta fáànù àti wáyà iná nínú ìsọ̀ kan náà. Òun ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ayọ̀kúnnúmi, títí ó fi di nọ́ọ̀sì.

Ayọ̀kúnnúmi yìí ló mú ọ̀rọ̀ náà wálé nígbà Àjíǹde. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ti jẹun ọ̀sán tán, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé rẹ́kọ́ọ̀dù ti padà dé. Ó ní lókè òkun, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ nítorí rẹ̀, àti pé ní Èkó pàápàá, àwọn kan ń wá àwo àtijọ́ kiri. Oyètúndé kò kọ́kọ́ gbà. Ọmọ náà wá fi àwòrán hàn án lórí fóònù: ìsọ̀ ńlá kan, tí àwo kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo àwòrán náà pẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Àdìkẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Oyètúndé ti kó àwọn páálí jáde. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu àwọn àwo náà, ó kó fáànù sí apá kan ìsọ̀, ó sì to rẹ́kọ́ọ̀dù sí apá kejì. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ṣéńjà nígbà náà, sí orí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi àwo kan sí i.

Àwọn èèyàn wá lóòótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì ya fọ́tò, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Olúwatófúnmi onídìrí ra méjì, ó fẹ́ gbé wọn kọ́ ara ògiri. Ọkùnrin kan béèrè bóyá Daddy lè bá òun kó orin inú rẹ̀ sórí fóònù. Àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ jù. Wọ́n á mú àwo lọ́wọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí fọ́tò olórin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á rántí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ rírà, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kí ni àwọn fẹ́ fi gbọ́ ọ? Ṣéńjà tàwọn ti bàjẹ́, ó wà lábẹ́ ẹrù níbi kan. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ṣéńjà Oyètúndé fúnra rẹ̀ dákẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kán, mọ́tọ̀ rẹ̀ sì ń kùn bí aláìsàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Oyètúndé mọ̀ tó lè tún un ṣe. Fádáhùnsí lorúkọ rẹ̀, ará Ẹ̀rìn-Ilé ni. Ìdílé ọdẹ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ìdí wáyà àti mọ́tọ̀ kékeré ni ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ sí. Nínú ìsọ̀ Oyètúndé ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oyètúndé ń ta àwo, Fádáhùnsí ń tún ṣéńjà ṣe, abọ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń jẹun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì wá le, tí ẹ̀rù ń ba tọ̀tún-tòsì, Fádáhùnsí gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé, kò sì padà wá. Wọn kò bá ara wọn jà. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ìtìjú, lẹ́yìn náà ọdún gorí ọdún.

Àdìkẹ́ ló sọ ọ́ síta. “Bàbá Ayọ̀, ẹ lọ bá a,” ó ní. “Ẹ má sì fi ti abẹ́rẹ́ bojú. Ẹ lọ kí ọ̀rẹ́ yín.”

Ó gun ọ̀kadà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ìlú méjèèjì wà, síbẹ̀ ọ̀nà náà gùn lójú rẹ̀ bí ọ̀nà Èkó. Iwájú ilé ló ti bá Fádáhùnsí, tó ń ṣa iṣu tó ti rà kúrò lára èyí tó dára. Ara Fádáhùnsí ti gbẹ. Ó gbójú sókè, ó ń wo àlejò náà bí ẹni tí kò rí i dáadáa.

“Oyè, ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni.”

Oyètúndé jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ ibi tí òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn ún jù. “Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ ti ṣaláìsí. Mo fẹnu ránṣẹ́ sí ọ. N kò mọ̀ bóyá ó dé.”

Fádáhùnsí fi iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Iṣẹ́ yẹn kò dé,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ìwọ ti dé.”

Oyètúndé bá a ṣa iṣu tó kù. Lẹ́yìn náà ni Oyètúndé wá ròyìn bí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe padà dé, Fádáhùnsí sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ta ló parọ́ yẹn fún un? Síbẹ̀ ó dìde, ó wọlé, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Gbogbo nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ mélòó kan tó wé sínú ọ̀rá. Ó ní àìmọye ìgbà lòun ti fẹ́ dà á nù.

Ìṣòro tó kù ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí Oyètúndé wá mú un lọ sí Ọ̀fà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Fádáhùnsí ló ń júwe, Oyètúndé ló ń fọwọ́ ṣe é. Ó tú mọ́tọ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà lódì, ó tún un tú. Fádáhùnsí a máa bú u, òun náà a sì máa dá èsì padà. Àwọn tó mọ Fádáhùnsí tẹ́lẹ̀ ń yà wá kí i. Ẹnì kan ra mínírà fún un. Kí oòrùn tó rọ̀, ṣéńjà náà ti ń yí.

Ìròyìn náà tàn ká. Wọ́n gbé ṣéńjà wá láti inú yàrá ẹrù àti abẹ́ àtẹ̀gùn. Àlàájà kan gbé tiwọn wá pẹ̀lú ìtẹ́ eku nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ lé itan lórí ọ̀kadà láti Ìjàgbò. Wọ́n tún àwọn kan ṣe, àwọn mìíràn kò jí mọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti jí á ra àwo kan tàbí méjì, èyí tó ti ń wù ú láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì ní í padà wá mọ́.

Ní ìgbà òjò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kabir wá láti Èkó. Àwo àtijọ́ ló ń rà kiri ìlú. Ó fara balẹ̀ wo gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Oyètúndé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé rẹ́kọ́ọ̀dù ti padà sọ́jà.

Kabir kò tàn án. “Daddy, òótọ́ ni wọ́n ń rà á,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí. Ìlú òyìnbó ni mò ń kó wọn lọ. Níbí, ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ, kó ra àwo, kó tún ra epo sí jẹnẹrétọ̀, torí orin tó wà lórí fóònù?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Oyètúndé. Ayọ̀kúnnúmi ní kó ta gbogbo rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé òun ló kó o sínú wàhálà. Oyètúndé ní kò sí wàhálà kankan. Ó jẹ́ kí Kabir kó àwọn àwo tó ní ju ẹyọ kan lọ, ó sì di èyí tó kù mú. Ó kó fáànù padà síwájú ìsọ̀. Ẹ̀yìn ló to rẹ́kọ́ọ̀dù sí, pẹ̀lú àga méjì àti tábìlì iṣẹ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Fádáhùnsí ń wá, bí ṣéńjà wà láti tún ṣe, bí kò sì sí.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Fádáhùnsí ní kí tọkọtaya náà wá jẹun lọ́dọ̀ òun. Àdìkẹ́ ti kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀rìn-Ilé rí kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwé mìíràn, kò sì débẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìlú ti gbóná. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan tó pọn ọmọ fi sáré jáde láti iwájú ilé kan, tó kúnlẹ̀.

“Mummy, ẹ ò mọ̀ mí mọ́? Èmi Ifáníkẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkà.”

Àdìkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ojú rẹ̀, ó sì béèrè orúkọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó parí ìyẹn, ẹlòmíràn ti yọ láti ilé kejì. Oyètúndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò kánjú. Láti òkèèrè, Fádáhùnsí ń pè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé iṣu ti ń tutù.