Òdòdó Pòtétò

Ní erékùṣù Chiloé ní Chile, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí pòtétò sì yọ òdòdó, wọ́n a já a dànù kí ti abẹ́ ilẹ̀ lè tóbi. Lọ́dọọdún ni Nayaret máa ń bẹ Edelmira ìyá rẹ̀ pé kó fi òdòdó poro kan sílẹ̀ láìjá fún òun. Kò gbà rí.

Nígbà òtútù, Nayaret kú. Lẹ́ẹ̀rùn yìí, Edelmira fi poro kan sílẹ̀.

"Ìyá Nayaret, èyí ńkọ́?" Nibaldo ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ti ọmọ mi ni."

"Ọmọ tó o fi igi lé nítorí òdòdó kan ṣoṣo? O ò ṣe fún un nígbà tó ń bẹ̀ ọ́?"

Edelmira bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó já gbogbo òdòdó náà sínú aṣọ rẹ̀, ó kó wọn lọ síbojì Nayaret. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti rọ.