Adédìran Lọ Ṣìpẹ̀ fún Ìyàwó Rẹ̀ ní Kwangila

Nígbà tí Morọ́láolúwa kó jáde, Adédìran ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin mìíràn ló gbà á. Kí ni obìnrin tún ń wá tí kò sí nínú ilé alájà méjì tóun kọ́ sí Hanwa ní Zaria? Òun fúnra rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Chikaji, ó sì ń sáré àtitún kọ́ òmíràn. Owó kì í tó o, oorun kì í kùn ún.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó wá a lọ sí Kwangila. Kò bá ọkùnrin kankan níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, fèrèsé rẹ̀ ṣí gbayawu. Morọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó gbé máásà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, àti ọbẹ̀ elégédé síwájú rẹ̀.

Adédìran ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀. "Mo ti ní kí wọ́n tún ilé ìdáná ṣe. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn lo fẹ́, ṣáà sọ ọ́." Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e, ó tún dún, ó tún gbé e. Ìgbà tó máa padà wo abọ́, ó ti ṣófo.

"Ṣé ó dùn, Bàbá Ọlámijù?"

"Ó dùn gan-an."

"Ṣé ó kan díẹ̀ ni, àbí ṣúgà ló pọ̀ jù? Ẹran ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn ni, àbí ẹja?"

Adédìran tún bojú wo inú abọ́ òfìfo náà.

"Bí ẹ ṣe bá mi gbé náà nìyẹn," ni Morọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Ọjọ́ tí Ọlámijù ọmọ wa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, inú yàrá lẹ wà, oníbàárà Kano lẹ ń bá sọ̀rọ̀. N kò bínú mọ́. Ó ti rẹ̀ mí ni."

"Màá yí padà. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ lè yí padà lóòótọ́. Èmi ni n kò lágbára àtidúró wò ó mọ́." Ó kó abọ́ nílẹ̀, ó sì sin ọkọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Bí Adédìran ṣe dé ìdí ọkọ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí eruku. Àwọn ọmọ agboolé tú síta, wọ́n ń pariwo òjò lédè Hausa, "Ruwa! Ruwa!" Òórùn ilẹ̀ tútù gba afẹ́fẹ́ kan, ó wọ̀ ọ́ lára débi pé ó mí kanlẹ̀. Omi ń ṣàn lọ sí i lọ́rùn, kò nù ún. Ṣé bí èyí ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyí, tóun ń yí gíláàsì ọkọ̀ sókè?

Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ fún Morọ́lá pé, "Ṣé o gbọ́ òórùn yẹn?"

Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó fọwọ́ ti ọkọ̀ rẹ̀, ó sì sunkún láàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ.