Ìlà Kẹsàn-án

"Ìyá mi, ṣé o wà níbi tó o ti lè gbọ́ mi?"

Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn, àfi bíi pé òdìkejì odò ló ti ń pè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, iṣẹ́ ti kún iwájú rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ káàárọ̀."

"Ìlà tí mò ń fà sára ilẹ̀kùn ilé ọkà ni mo tìtorí ẹ̀ pè. Mo kà á, mẹ́jọ ni. Ó yẹ kó ku ọ̀kan. Àmọ́ fóònù ní ọjọ́ ti pé, ó ti yí sí àwọ̀ ewé. Ṣé ojú mi ni àbí orí mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá awò ojú yín nígbà tó bá wà lójú yín? Ẹ fi ẹfun yẹn sílẹ̀ jàre. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé ọjọ́. Ohun tó bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe."

"Ó dáa. Ìwọ lo kúkú ṣe é. Mi ò ní bá ìyá mi jiyàn." Ó ṣàdúrà fún un bó ṣe máa ń ṣe, ó sì pa fóònù.

Ọdún kọkànlélógún rèé tí bàbá yìí ti ń ṣọ́ ilé ọkà ńlá tó wà ní ìparí òpópónà tí ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí kòkòrò bá fẹ́ sọ àgbàdo di ìyẹ̀fun nínú àpò, wọ́n á ránṣẹ́ pe Onígáàsì. Onígáàsì á to oògùn sáàárín àpò, á fi ọ̀rá dí gbogbo ihò, gáàsì á sì máa tinú oògùn jáde díẹ̀díẹ̀. Gáàsì yẹn kì í bèèrè bóyá kòkòrò ni ọ́ tàbí èèyàn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Àràárọ̀ ni yóò tẹ ẹfun bọ omi kó má baà tètè parẹ́, yóò fa ọ̀kan sára ilẹ̀kùn. Ìjọ kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣí i, Onígáàsì ló sì máa ń fi ìbòmú kọ́kọ́ wọlé láti wò ó bóyá atẹ́gùn ibẹ̀ ti mọ́.

Lọ́dún yìí ni ọ̀gá ilé ọkà sọ pé ayé ti kọjá ẹfun. Ó gbé iṣẹ́ fún obìnrin yìí, tó jẹ́ pé ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́ jẹun, pé kó ṣe ọ̀kan tí yóò máa ka ọjọ́: kó pupa bí àkókò ò bá tíì tó, kó di àwọ̀ ewé bó bá ti pé. Nígbà tí ọ̀gá rí i, ó dùn mọ́ ọn débi tó fi ní kí Onígáàsì má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá síbi ìṣílẹ̀kùn mọ́.

Iṣẹ́ náà ò le. Kọ̀ǹpútà á yọ àkókò tí wọ́n to oògùn kúrò nínú àkókò ìsinsìnyí, á sì pín èyí tó bá kù sí ọjọ́. Ibi tí òun àti àwa ti yàtọ̀ ni pé àwa máa ń ka òní mọ́ ọn. Ìjẹta là ń pe ọjọ́ tó ṣáájú àná, torí òní náà jẹ́ ọ̀kan. Bi kọ̀ǹpútà, á ní ọjọ́ méjì péré ló kọjá. Obìnrin náà mọ èyí dunjú, ó sì fẹ́ràn láti máa fi yangàn. Nígbà tí Onígáàsì fi ìwé ránṣẹ́ sí i, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ilẹ̀kùn: ọjọ́ 8," ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìṣirò àgbà nìyí, ó wí fún ara rẹ̀, wọ́n ti ka òní mọ́ ọn. Ó yọ ọ̀kan kúrò, ó fi méje sínú kóòdù. Kò pe Onígáàsì. Bàbá tó bí i lọ́mọ ń fa ìlà láti ọdún mọ́kànlélógún wá, kò bi í rí pé mélòó ló ń fà. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ọgbọ́n pàápàá sì ní àṣejù tirẹ̀.

Bàbá ò tíì pa fóònù ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí Onígáàsì fi kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ọkùnrin gíga ni, ikọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ọmọ wa, kú iṣẹ́. Mi ò ní pẹ́. Mo fẹ́ kó o bá mi ṣe é kí fóònù máa pè mí bó bá ti ku ọ̀la. Wọ́n ní kí n má wá mọ́, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn lọ́la, màá ti wà níbẹ̀."

"Lọ́la kẹ̀? Òní ni, sà. Ọjọ́ ti pé láàárọ̀ yìí."

Onígáàsì wò ó. Ó gbé ìka sókè, ó kà á láti Ọjọ́rú tó kọjá, ó sì dúró. "Ó pé báwo? Ìjọ kẹjọ lòní. Ìkẹsàn-án là ń ṣí i."

"Mẹ́jọ lẹ kọ sínú ìwé."

"Mẹ́jọ ni mo kọ. Ọmọ mi ló ní ẹ̀rọ kì í ka òní mọ́ ọn, pé kí n yọ ọ̀kan. Mo ti bá ẹ yọ ọ́."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Èmi náà yọ ọ̀kan."

Ó pe bàbá rẹ̀. Fóònù náà dún títí, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó pa méje rẹ́, ó sì tẹ mẹ́jọ síbẹ̀. Ojú ìwé náà pupa padà lẹ́sẹ̀kan náà. Àmọ́ ta ni yóò wò ó? Ẹni tó yẹ kó wò ó ti wò ó tán.

Wọ́n sáré jáde. Onígáàsì fa ìbòmú rẹ̀ yọ lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ò jìnnà. Wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ń gbálẹ̀, wọ́n kọjá lára àwọn ọmọléèwé, kò sẹ́ni tí wọ́n kí. Obìnrin náà ń tẹ fóònù bó ṣe ń sáré. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ilẹ̀kùn ilé ọkà ṣí díẹ̀. Wọ́n ti ká ọ̀rá tó wà lẹ́tí rẹ̀ jọ, wọ́n sì ti ṣẹ́ ẹ bí aṣọ, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan. Inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn àpò, fóònù kan ń dún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pè é.

Ó fẹ́ já wọlé. Onígáàsì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró síbí. Bó o bá wọlé, èèyàn méjì ni màá gbé jáde." Ó so ìbòmú mọ́jú, ó sì wọlé.

Obìnrin náà dúró sójú ilẹ̀kùn, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ìlà náà. Mẹ́jọ ló dúró ṣánṣán, ọ̀kan fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ti gbẹ. Ìkẹsàn-án wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fọwọ́ kàn án, ó tutù, ẹfun rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Bàbá rẹ̀ ti gbà pé òun ló ṣì í kà, ó sì ti fi ọ̀kan kún un, kó lè bá ti ọmọ rẹ̀ mu.