Ẹkún Tí Yermolai Kọ

Ó tún ti fẹnu ko ọwọ́ mi. Ní gbangba, níwájú gbogbo akọrin! Glafira, àbúrò Yermolai ọ̀rẹ́ mi tó ti kú, tẹ̀ ba, ó fẹnu ko ọwọ́ mi bí ẹni ń kí àlùfáà. "Venedikt Lvovich, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ò jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣègbé." Ọwọ́ yìí... Mo ti kì í bọ inú àpò ẹ̀wù báyìí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún rí i.

Kí n fara balẹ̀. Ìdánrawò lásán ni, eré olórin tí Yermolai kọ kò tíì dójú agbo ní Petersburg. Ta ló mọ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Yermolai ò tíì parí ẹ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi mú un lọ, mo sì bá a parí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wo ni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ibi tó ṣófo, mo dí i. Ibi tó wọ́, mo tọ́ ọ. Ṣebí èmi ni mò ń kọ́ni lórin, òun sì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè, tó ń kọ orin tirẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí òórùn ọtí fódíkà... Rárá. Má bú òkú.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹkún àwọn obìnrin etí odò nínú eré náà ni. Yìnyín tó bo odò là lójijì, ó gbé àwọn ọkọ wọn lọ — ibí yìí ni. Ibí yìí gan-an.

Bí Yermolai ṣe kọ ọ́, ohùn méjì ló ń gbún ara wọn. Èyí ń gòkè, èkejì kọ̀, kò bá a lọ. Ó ń kan èèyàn léyín bí èso tí kò tíì pọ́n. Mo sọ fún un nílé ẹ̀ lọ́jọ́ tó lù ú fún mi, "Yermolai, àṣìṣe lèyí. Ọmọ iléèwé tó bá kọ báyìí, òdo ni màá fún un." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ọ̀gá tíṣà! Ṣé o ti dé ibi táwọn obìnrin ti ń sunkún òkú rí? Ta ló ń dúró de ẹnì kejì ẹ̀ níbẹ̀?" Mo ní kó bu tíì sí i fún mi.

Mo dúró dìgbà tó kú kí n tó tún un ṣe.

Gbọ́ wọn... Ó ń dán. Ohùn méjèèjì ń rìn pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn. Kò sẹ́ni tó máa ní kò dùn. Glafira ń fi ìborùn nu ojú. Lánàá ló ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni mò ń gbọ́!"

Òun kọ́, Glafira. Èmi ni. Bí gbogbo orin tí mo ti kọ láyé mi ṣe ń dán nìyẹn, táwọn èèyàn ń yìn ín, tí wọ́n sì ti ń gbàgbé ẹ̀ kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn.

Mo lè dìde báyìí. Orin náà kò tíì dọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé, ìwé tí Yermolai fọwọ́ ara ẹ̀ kọ sì ṣì wà nílé mi, bó ṣe kọ ọ́. Kí n ní ẹ dúró. Kí n ní... kí n ní kí ni? Pé mo ṣe àṣìṣe? Àmọ́ àṣìṣe kọ́ —

Àṣìṣe kọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ fi dùùrù lù ú fún mi, kí n tó la ẹnu rárá, irun ara mi dìde. Omi lé ròrò sójú mi, mo bá ṣe bí ẹni ń wo ojú fèrèsé. Mo mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé bí mo gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, mi ò ní lè kọ irú ẹ̀. Ohun tí mo wá pè ní àṣìṣe nìyẹn. Ìlara ni. Ìlara, Venedikt. Ẹnu òkú ni mo dí.

Wọ́n ti parí. Àwọn akọrin ti yíjú sí mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, olùdarí ń juwọ́ kí n dìde. Mo dìde. Mo tẹríba. Wọ́n á rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni... Ojú Glafira ni mi ò lè wò.