Méjìdínlógún Kò Ju Mẹ́fà Lọ

Bí Àwòdì ṣe tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́. Fáànù inú àpótí náà ń han gooro bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó wo àpótí náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Àpótí tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í pariwo; o ní láti gbé etí sí i lára kí o tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

"Kí ló ṣe ọ́?" ló bi í, àfi bí ẹni pé yóò dá a lóhùn.

Kì í ṣe Àwòdì ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Orúkọ tí wọ́n fi mọ obìnrin yìí nínú géèmù ìbọn ni, torí bó bá ti bà sórí òrùlé kan tó sì rí ọ, ó bùṣe fún ọ. Láàárọ̀, aṣọ oníbàárà ló ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ kan, nínú ooru áyọ́ọ̀nù, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Ìrọ̀lẹ́, nídìí géèmù, ló tó ń di ènìyàn.

Ọ̀sán Sátidé yìí ni olórí ẹgbẹ́ kan fẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ gidi ni, àwọn tí wọ́n ń gba owó oṣù nítorí pé wọ́n mọ géèmù gbá. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù, òun àti ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló sì ń du ú. Ìdíje mẹ́ta ni wọ́n máa fi wò wọ́n, kálukú nílé rẹ̀, nídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí wọ́n bá mú Àwòdì, ó dàbọ̀ fún áyọ́ọ̀nù nìyẹn. Torí ọjọ́ yìí ló ṣe ra kọ̀ǹpútà tuntun náà.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pè é, ó ní kí òun fi pápá ìdánrawò na ọwọ́. Háà! Ó yí orí sọ́tùn-ún, àwòrán ń wọ́ tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó yìnbọn, ọta lọ ba ògiri. Ọkùnrin náà ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́, kọ̀ǹpútà ni kò tètè sọ. Ẹ̀yìn ló gbà yọ, ó pa á. Ó tún gbìyànjú, wọ́n tún pa á.

Ó ṣí ojúewé tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọpọlọ tuntun tó fi owó rẹ̀ rà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kọ́ọ̀ mẹ́fà ló wà nínú ìyẹn; kọ́ọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àwọn ló ń ṣe gbogbo ìṣirò. Ọpọlọ sáfà àtijọ́ kan, oníkọ́ọ̀ méjìdínlógún, ló wá jókòó sípò rẹ̀. Àwòdì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín. Ọ̀gá Sáfà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ilé náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Òun ló ń tọ́jú sáfà ní iléeṣẹ́ kan, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da ọ̀kan nù, ó bẹ̀ wọ́n, ó gba ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tó ń gbé e dúró, ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àlejò kì í wọlé kó má gbọ́ ìtàn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Igbe tó ké yẹn, díẹ̀ ló kù kí ìyá wọn tó ń gé èékánná ní pálọ̀ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá Sáfà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin yìí ń retí ọpẹ́!

"O ti rí i?" ló wí. "Mo ní kó bá ọ lójijì ni. Láàárọ̀ yìí tí o wà níbi iṣẹ́ ni mo ṣe é. Ọpọlọ, bọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀ ni mo pààrọ̀. Méjìdínlógún, ọmọ ìyá mi! Mẹ́fà péré lo ní tẹ́lẹ̀."

"Tèmi dà?"

"Èwo ni tìrẹ?"

"Ọpọlọ tí mo rà. Ó dà, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣebí àbúrò ìyàwó mi ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi tẹ lẹ́tà. Mo ní kékeré yẹn á tó o. Mo ti gbé e lọ fún un lẹ́sẹ̀ kan náà, mo sì tò ó sínú àpótí kan."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ó fa ẹṣin tó mọ eré sá lé ẹni tó fẹ́ fi ru igi lọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Inú bí Àwòdì gidigidi. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnu rẹ̀ lè gbé lọ, èyí tó sì kọ́kọ́ jáde ni èyí tí kò yẹ kó jáde.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan nǹkan mi?"

"O?" Ìyá wọn ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn? Ẹ̀gbọ́n rẹ ló di ẹgbẹ́ rẹ?"

"Ẹ má bínú, màámi. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe."

"Mo ti gbọ́. Ó mú kékeré, ó fi ńlá dípò. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i."

"Ẹ bá mi sọ fún un, màámi," ni Ọ̀gá Sáfà wí. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Àwòdì dìde, ó ti àga sí i. "Ẹ jókòó. Ẹ gbá a."

Ọ̀gá Sáfà jókòó, ó di máòsì mú bí ẹni di òkúta mú. Àwòrán ń fò, ó ń dúró, ó ń fò. Wọ́n pa á. Ó ní ẹ̀rọ ńlá ni, kí wọ́n jẹ́ kó gbóná ná. Gbóná! Yàrá náà ti ń móoru bí ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì.

"Ẹ gbọ́," ni Àwòdì wí, ó ń fi tipátipá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò bú sáfà yín. Bí wọ́n bá kó ẹgbẹ̀rún ẹ̀wù dé, àgbà méjìdínlógún tó ní áyọ́ọ̀nù lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ máa lọ̀ wọ́n tán, bó pẹ́ bó yá. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ yín nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kan ṣoṣo ni géèmù yìí, ẹni tó ni ín sì wà lórí ìdúró. Ènìyàn mélòó ló lè gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀wù kan? Àwọn yòókù máa káwọ́ gbera ni. Mẹ́fà ni tèmi, àmọ́ áyọ́ọ̀nù wọn gbóná!"

Ọ̀gá Sáfà bú sẹ́rìn-ín. "Áyọ́ọ̀nù ló yé ọ. Nínú èmi àti ìwọ, ta ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Sáfà?"

"Ẹ pe àna yín. Kó gbé e padà wá kíá."

"Kí n gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ àna? O fẹ́ kí ìyàwó mi máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Àti pé òpin ìlú ló ń gbé, kò lè dé kí wọ́n tó pè ọ́."

"Fara balẹ̀," ni ìyá wọn wí. "Òkò àbínúsọ kì í pẹyẹ."

"Màámi, ẹyẹ gan-an ni mi ò rí!"

Ibi tí wọ́n wà nìyí tí olórí ẹgbẹ́ fi pè. Àwòdì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n sún un síwájú, ṣùgbọ́n olórí ní àwọn ènìyàn ti jókòó, bí Àwòdì kò bá fẹ́ ṣe é kó sọ. Àwòdì ní òun fẹ́. Kí ni kó wí?

Wọ́n fi ìdíje àkọ́kọ́ lù ú bí aṣọ òfì. Nínú èkejì, ó ta ọgbọ́n: kò yìnbọn síbi tí ojú rẹ̀ rí ènìyàn mọ́, ibi tó mọ̀ pé ẹni náà yóò ti dé ló ń yìn ín sí. Ó pa mẹ́ta bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àròjinlẹ̀ nìkan, òógùn ń ro tótó lágbọ̀n rẹ̀. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀tá kì í ṣe ère, wọ́n yí ọ̀nà padà. Nínú ẹ̀kẹta, àwòrán dì gbagidi, nígbà tó máa fi tú, òkú ni. Ní gbogbo àkókò yìí, Ọ̀gá Sáfà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo, "Yìn ín! Ó wà níbẹ̀ yẹn! Kí lò ń wò?"

Ohùn olórí ẹgbẹ́ wọlé. Ọ̀dọ́ ni, ó sì mọ ọmọlúàbí ṣe. "Àǹtí Àwòdì, ẹ gbọ́n nínú géèmù gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín falẹ̀. Ẹnì kejì yẹn la máa mú."

"Kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ọwọ́ mi."

"Bí gbogbo ẹni tó bá fìdí rẹmi ṣe ń wí nìyẹn, mà. Ẹ má bínú." Ó kúrò lórí ìlà.

"Ọwọ́ ni," ni Ọ̀gá Sáfà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ọwọ́ ni."

Àwòdì yíjú padà. Kò pariwo mọ́. "Mo kórìíra yín lónìí, ẹ̀gbọ́n mi. Kí màámi gbọ́, kí gbogbo ilé gbọ́. Mo kórìíra yín." Ọ̀gá Sáfà mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé àna òun, òun máa lọ gbá géèmù kan náà lórí kékeré yẹn, kí ẹnu lè kò.

Nígbà tó padà dé, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Bọ́ọ̀dù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú páálí, ọpọlọ náà wà lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo gbá a níbẹ̀ kí n tó tú u," ló wí. "Mo rí ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó gbẹ́sẹ̀ ni mo rí i. Èmi tí mi ò mọ géèmù gbá!"

Àwòdì yẹ bọ́ọ̀dù náà wò nínú páálí.

"Pe ọmọ yẹn fún mi. Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

Àwòdì pè é, ó gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbọ́ tó ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní sà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò falẹ̀, sà, èmi ni mo mú kó falẹ̀." Ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ọ̀dọ́ náà ní ó dun òun, àmọ́ ẹni tí àwọn mú ti buwọ́ lùwé, àyè ò sí mọ́.

Ọ̀gá Sáfà gbé fóònù sílẹ̀. "Àbúrò mi, ire ni mo rò. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ ò bi mí. Kọ̀ǹpútà mi ni, ọjọ́ mi ni, ẹ ò sì bi mí."

"Ṣé ó yẹ kí n bi ọ́ ni?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni, ìyẹn ló sì pa Àwòdì lára jù. Láti kékeré wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń yan bàtà fún un, òun ló ń yan ilé ìwé, òun ló wá iṣẹ́ ìfọṣọ yẹn fún un. Àwòdì gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ẹnì kan rọra kan ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti ìta, ohùn rẹ̀ kéré. "Ṣé mo lè wọlé?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó máa bi í kó tó ṣe nǹkan.

"Rárá," ni Àwòdì wí.