Iná Ọwọ́ Akọ̀wé

Nígbà tí fídíò ìbọn lésà dé orí fóònù àwọn ará Alajue, kò sẹ́ni tó rójú ṣiṣẹ́ mọ́. Ìbọn kékeré tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ni, kò ní ọta, kò dún, iná tín-ín-rín ló ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ohun tó bá sì bà lókèèrè, jíjó ni. Àwọn kan ní irọ́ ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Àwọn kan ní ayé ti parí. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n tètè rà á, kó lè tán fún àwọn olè tó ń wú iṣu wọn. Samuel tó ń jó irin ní Sekona ní iná irin lásán ti sọ ojú òun di ojú arúgbó, kí wọ́n má mú èyí tí kò dún wá sáàárín ọmọ èèyàn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àfi bí Mansur ṣe gbé ọ̀kan wálé.

Mansur ni àbúrò ọkọ Hasanat tó ti dolóògbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí Hasanat wọlé ọkọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń di oúnjẹ iléèwé fún un. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Akọ̀wé ni Hasanat sọ ọ́, nítorí báàgì ìwé tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kò sì pè é ní nǹkan mìíràn láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wá.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pàdé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mansur ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun wá wo inú dígí kékeré tó wà lórí ìbọn náà. Hasanat wò ó. Ewúrẹ́ kan wà lábẹ́ máńgòrò lódìkejì pápá bọ́ọ̀lù. Ó rí irùngbọ̀n rẹ̀, ó rí bó ṣe ń jẹnu. Mansur tẹ ìbọn náà, ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ọgbà lọ́hùn-ún jó lu, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìró. Ó búra pé táyà ọ̀kadà olè nìkan lòun máa dojú ẹ̀ kọ. Àwọn àgbà ṣì ń mirí. Hasanat bá dìde.

“Akọ̀wé wa ò ní ṣe yín níbi,” ó ní. “Èmi ni mo dúró fún wọn.”

Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà kí Mansur máa fi ìbọn náà ṣọ́ oko. Ẹ ṣáà máa fọkàn tán èèyàn o!

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Mansur wá tọrọ ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Hasanat ní Azeemah ọmọ òun ló ni ín. Mansur rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó jẹ ẹ̀bà tí wọ́n gbé fún un tán, ó fọwọ́. Inú Hasanat dùn pé ó gbà á wẹ́rẹ́.

Ní Alajue, ẹni tí ebi bá pa lọ́nà oko lè jẹ èso nínú oko ẹlòmíràn, bó bá ti fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ sídìí igi kí olóko lè mọ̀ pé kì í ṣe olè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Hasanat yà sóko Mansur, ó ká ìbẹ́pẹ kan, ó jẹ ẹ́, ó kó èèpo jọ sídìí igi. Ó gbójú sókè láti tún gèlè rẹ̀ wé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Funfun ló rí, ó di pé ojú òsì kò ríran mọ́. Dókítà ní Ẹdẹ ní ojú náà ti lọ.

Ìpàdé tún pé. Mansur dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, ó ní òun rò pé olè ni. Àwọn àgbà bẹ Hasanat pé àṣìṣe ni, kó gbà bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán nínú ilé. Ó wù ú kó gbà, ó wù ú dénú. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ni.

Ó ní kí wọ́n gbé ìbọn náà wá. Samuel yọ bátìrì rẹ̀, ó gbé e fún un. Hasanat fi ojú ọ̀tún tó kù wo inú dígí náà. Lódìkejì pápá, Fawziyah ẹlẹ́pà ń bọ̀. Ó rí yẹtí etí rẹ̀, ó rí ẹ̀pà tó wà láàárín eyín rẹ̀. Ó bi Mansur ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà. Mansur ní ẹnu ahéré ni. Gbogbo wọn mọ̀ pé láti ahéré dé ìdí ìbẹ́pẹ yẹn kò tó ìdajì pápá.

Hasanat gbé ìbọn sílẹ̀.

“Mansur,” ó ní.

Àwọn ìyàwó ilé tó jókòó lẹ́yìn fọwọ́ bo ẹnu. Mansur gbórí sókè, nítorí ẹnu yẹn kò pe orúkọ náà rí.

“Mansur, o rí mi.”

Ó tún dojú bolẹ̀, kò sì sọ pé òun ò rí i.