Ìyípo Kẹta

Ẹ̀kejì nìyí àbí ẹ̀kẹta? Mo ti ṣì í kà. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ka ìyípo fún ọmọ ọlọ́mọ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà, n kò lè ka tèmi dé mẹ́ta. Orúnkún ọ̀tún ń ta mí. Èémí... èémí kò tó. Tí mo bá ṣubú síbí ńkọ́? Ta ni yóò gbé mi? Ọmọbìnrin mi nìkan ló wà níbí, kò sì lè dá mi gbé. Yóò ké sí àwọn ènìyàn. Wọ́n á yí mi ká, wọ́n á máa wo ikùn mi...

Kílò mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n mí nílé ìwòsàn kà á sókè ni. Kò ṣe jẹ́jẹ́ rárá, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Tàbí kò rẹ́rìn-ín, bóyá ó wúkọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni etí mi gbọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, mo wọ bàtà mi, mo wọ tòsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lónìí. Kí a tó parí ìyípo yìí —

"Ẹ rọra, Bàbá. A ò bá ẹnikẹ́ni díje." Bí ọmọbìnrin mi ṣe wí nìyẹn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bó ṣe ń wí nìyẹn láràárọ̀ láti oṣù mẹ́ta, kó tó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ilé ìdáná ilé ìwòsàn, níbi tó ti ń se oúnjẹ àwọn aláìsàn. Kì í pariwo mọ́ mi. Èmi ni mo máa ń pariwo. Bàbá Fèrè ni àwọn ọmọ ń pè mí, orí mi sì máa ń wú. Tí mo bá fọn ọ́n, gbogbo pápá á pa lọ́lọ́.

Ó gbé abọ́ kan wá lánàá. Kárọ́ọ̀tì, tòmátì, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ tí kò jinná jù. Gbogbo rẹ̀ ń tàn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Ó ní ara ènìyàn dà bí ààrò, bó ṣe ń jó oúnjẹ ló ń rú èéfín. Ẹni tí ọ̀rá bá pọ̀ lára rẹ̀, èéfín tirẹ̀ máa ń pọ̀ jù, a sì máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. "Àwọn nǹkan tó wà nínú èso àti ẹ̀fọ́ aláwọ̀ wọ̀nyí ló ń bá wa lé èéfín náà, Bàbá." Mo bi í bóyá tí mo bá ti jẹ abọ́ náà tán, ọ̀rá á yọ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ó rìn o. Ìbẹ́pẹ ò ní bá yín rìn."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹ́. Mo wò ó bó ṣe ń fọ abọ́, mo ní kí n sọ ọ́ báyìí... mo ní kó bá mi ti fèrèsé.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí. Kí ni mo mọ̀ nípa ara ènìyàn? "Sáré!" Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tí kò bá lè sáré, ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá sanra, ọ̀kánjúwà ni. Kíá, ẹjọ́ ti tán.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, òun ṣì wà ní ìyípo àkọ́kọ́, àyà rẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ojú ń tì mí. Ọmọ Bàbá Fèrè! Mo sá tẹ̀ lé e. Mo ń fọn fèrè sí i létí. Mo ní... Ọlọ́run mi. Mo ní, "Àgbá! Yí, kí n rí ọ! Ṣebí àgbá máa ń yí!"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé inú mi dùn pé wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́fà ló fi jẹ́ Àgbá nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n kọ ọ́ sára tábìlì rẹ̀. "Ọmọ lo bí, o ò bí ẹṣin" — ìyá rẹ̀ nìyẹn, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò gbọ́. Nídìí oúnjẹ, mo máa ń na ọwọ́ mú ẹran kúrò nínú àwo ọmọ náà. "Gbogbo èyí náà lo fẹ́ dá jẹ?" Ó wá di pé kì í jẹun níwájú mi mọ́, mo ní ó ti ń gbọ́n. Àfi ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ rí búrẹ́dì gbígbẹ nínú báàgì ìwé rẹ̀, tí ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé e...

Ìyá rẹ̀ ti kú. Ọdún méjì. Láti ìgbà náà, mo kàn ń jókòó ni. Mò ń jẹ. Odidi búrẹ́dì, pẹ̀lú bọ́tà, lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, nítorí pé tábìlì ti gbòòrò jù fún ẹnì kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ mi ń wá aṣọ ìnura fún mi. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Búrẹ́dì mi wà níbẹ̀, lábẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì, mo ti jẹ ìdajì. Ó wò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí. Bú mi. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, sọ ọ́! Ó rọra ti kọ́bọ́ọ̀dù padà. Ó ní, "Ṣé ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?"

Ìbá kúkú gbá mi létí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Ọmọ mi, ohun tí mo ṣe sí ọ... Ó rọrùn nínú orí. Tó bá dé ọ̀fun, èémí ò ní gbé e. Báyìí ńkọ́? Báyìí —

N kò lè rìn mọ́. Mo di ọ̀pá góòlù mú. Ọmọ mi na ìka sí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí a fi ike omi sí. Ó ń lọ gbé e wá. Ó ń lọ níwájú mi.

Kí ló ń ṣe?

Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn. Ó ń fa ẹ̀yìn búláòsì rẹ̀ wálẹ̀. Kò tí ì gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó tún fà á. Ó ń yára, ó ń fún èjìká pọ̀, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí ẹni ń gba àárín àga kọjá. Kò sì sí ẹlòmíràn ní pápá. Èmi nìkan ni.

Èmi ni.

Oṣù mẹ́ta, kò ṣíwájú mi rí. Mo rò pé ó ń ṣọ́ mi kí n má ṣubú ni. Obìnrin ọmọ ọdún márùndínlógójì, tó ń bọ́ odidi ilé ìwòsàn, tó ń gba ẹ̀mí mi là láràárọ̀ — kò lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú mi. Kò gbàgbé. Ó wá náà ni. Kò gbàgbé, ó sì wá.

Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ ṣe? Kó lè ní kò burú, kó lè bá mi gbé e kúrò láyà mi, kó fi kún tirẹ̀?

Bẹ́ǹṣì ṣì jìnnà sí i. Ó tún ń fa aṣọ náà.

Mo yí ojú sí ògiri ilé ẹ̀kọ́. Mò ń wo ògiri, mo gbájú mọ́ ọn, kí ọmọ mi lè rìn.